Abo Tó Ń Ké Bí Akọ

Ẹyẹ awó ni mo ń sìn, kì í ṣe adìẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ akọ yàtọ̀ sí abo nínú wọn, kó gbàgbé ojú, etí ni kó lò. Akọ ò ní ju ẹyọ ohùn kan lọ: "Kẹ́! Kẹ́! Kẹ́!" bí ìgbà tí wọ́n ń kan ìṣó. Abo ló ń so méjì pọ̀: "Kuà-kẹ́! Kuà-kẹ́!" Akọ awó tó lè ké méjì, wọn ò tíì bí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a kó gbogbo akọ fún oníbàárà. Àbúrò ọkọ mi ló bá mi ṣà wọ́n. Káfíńtà ni. Eyínmẹ́nugún ni mò ń pè é, torí eyín ẹ̀ kì í wọlé, ẹ̀rín ni ṣáá.

Nígbà tí oòrùn mú, a jókòó síwájú ilé, ó ń tún ilẹ̀kùn ilé ẹyẹ kàn. Ọmọ ọmọ mi, tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, ń sùn lórí ẹní nínú yàrá tá à ń kó oúnjẹ ẹyẹ sí lẹ́yìnkùlé, torí ibẹ̀ tutù. Ìyá ẹ̀, àkọ́bí mi, wà níbi iṣẹ́.

Ni mo bá gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé: "Kẹ́! Kẹ́! Kẹ́!"

"Eyínmẹ́nugún, o ò kó akọ tán."

"Mo kó wọn tán, ìyàwó wa."

"Kí ló wá ń ké yẹn? Ìyá ẹ ni?"

"Ìyá mi náà ni ìyá ọkọ yín o."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ etí mi mú nǹkan. Ohùn yẹn ha níparí. Ẹyẹ kan ṣoṣo ló ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ nílé mi, abo àgbà kan tá à ń pè ní Ìyá Ẹjọ́. Abo ni. Kí ló ń fi ohùn akọ ṣe?

Abo lè ké bí akọ, àmọ́ ìgbà tí ẹ̀rù bá gbá a mú nìkan ni. Bó bá fojú rí ikú, á gbàgbé ohùn kejì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò mọṣẹ́ fi máa ń dorí abo kodò, kó gbọ́ igbe ẹ̀, kó sì tà á ní akọ.

"Ọmọ!" Ọ̀rọ̀ kan tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mi ò mọ ibi tí bàtà mi já sí.

Àwọn abo ti yí ẹnu ọ̀nà yàrá náà ká, gbogbo wọn na ọrùn, gbogbo wọn ń ké ohùn kan. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Mo yọjú.

Ọmọ ti jí. Ó jókòó lórí ẹní, ó nawọ́. Ohun tó nawọ́ sí ni ejò dúdú kan tó gbé ọrùn sókè lẹ́bàá àpò àgbàdo. Bó bá tún nà síwájú díẹ̀, á fọwọ́ kàn án. Ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Èmi tí mo ti bá ọlọ́pàá jà, tí mo ti mú kí onílé tọrọ àforíjì, ohùn mi wọlé. Eyínmẹ́nugún dé ẹ̀yìn mi, ó gbé pákó sókè. Kò sí eyín níta mọ́.

"Bó o bá lù ú tó tàsé ńkọ́?" mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó gbé pákó sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Bá a bá ń sunkún, à á máa ríran. Etí ẹní kan wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Mo lóṣòó, mo dì í mú, mo ń fà á bí ẹni tó ń yọ aṣọ lábẹ́ ẹni tó ń sùn. Orí ejò ń bá wa yí. Ọmọ rò pé eré ni, ó fọwọ́ gbá ẹní, pá! Ejò fa ọrùn sẹ́yìn. Ìtọ̀ bọ́ lára mi. Mo ṣáà ń fà á. Bí ẹsẹ̀ ọmọ ṣe kan ẹnu ọ̀nà ni mo já a gbà. Ejò wọ ẹ̀yìn àpò lọ. Eyínmẹ́nugún ti ilẹ̀kùn gbà!

Mo tú ọmọ sí ìhòòhò, mò ń wò ó ní ìka ní ìka. Àmì pupa kan wà ní gìgísẹ̀ ẹ̀.

"Èèrà ni, ìyàwó wa."

"Ṣé èèrà náà dágbére fún ẹ ni? Gbé ọ̀kadà!"

Àyà ni mo gbé ọmọ sí, mi ò pọ̀n ọ́n, torí mo fẹ́ máa rí ojú ẹ̀. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wẹ ẹsẹ̀ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó jọ pé kòkòrò ló jẹ ẹ́, àmọ́ ká dúró kóun máa wò ó. A dúró. Bí ọmọ bá ti sùn, màá jí i.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó sùn."

"Ṣé ìwọ lo bí ìyá ẹ̀?"

Ìyá ẹ̀ dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú, kò fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò wú. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì ní ewu ti kọjá, ká máa lọ sílé.

Mo wo Eyínmẹ́nugún, ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ejò. Òun náà wò mí.

"Ilé wo?" ni mo bi nọ́ọ̀sì.