Ó Lè Fà Á, Ṣé Ó Lè Rù Ú?

Ó ti rẹ̀ mí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ọ̀nà ló rẹ̀ mí. Mo ti fi báṣé mi kó iṣu láti Kambolé lọ sí Sokodé débi pé ọkọ̀ náà mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ju àwọn tó la ọ̀nà lọ. Báṣé ni a ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, èyí tí èèyàn ń jókòó níwájú rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí gbalasa fún ẹrù. Iṣu kò rẹ̀ mí rí. Èèyàn ló ń rẹ̀ mí. Èyí tó sì ń rẹ̀ mí jù nínú gbogbo wọn ni Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń débi tó ń lọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbéra.

Yàrá Ìyá wa ní Kambolé wó nínú òjò èṣí. Ìyá ti ń gbé lọ́dọ̀ Jímọ̀ ní Kouloundè, ní Sokodé, ó ti pẹ́, ó sì fẹ́ padà sílé. Kò sí ọjọ́ tí kì í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo tó ṣófo nínú agbo ilé bàbá wa, ọ̀dọ̀ Nàfísátù ló wà, ìyàwó tí bàbá wa fẹ́ lé Ìyá.

"Èmi kọ́ ni n ó máa sùn lábẹ́ òrùlé Nàfísátù," ni Ìyá wí. "Kó máa gbọ́ ikọ́ mi, kó máa fi ojú ka ìgbà tí mo jáde lọ tọ̀? Mo kọ̀. Ibi tí mo bá sùn ní Kambolé, tèmi ni yóò jẹ́, tàbí kí n kú síbí."

Ọmọ mìíràn ì bá po amọ̀, kó mọ yàrá kan. Jímọ̀ lọ ra ilé onítáyà. Ilé tí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà fi ń rìnrìn àjò ni, tó bá ọkọ̀ ojú omi dé Lomé, tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan sì wọ́ ọ wá sí Kouloundè, tó já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Jímọ̀, tó bá tirẹ̀ lọ. Ó funfun, ó ní ibùsùn, ó ní ibi ìdáná, aṣọ wà lójú fèrèsé rẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń fi alùpùpù gbérò ní àdúgbò náà ló wá yọjú wò ó. Ìyá wọ inú rẹ̀, ó fọwọ́ pa ògiri, ó jáde. Láti ọjọ́ náà ló ti ń di aṣọ rẹ̀.

"Báṣé rẹ ló máa gbé e dé Kambolé," ni Jímọ̀ wí fún mi.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó tà á fún mi. Ó ní ó máa fà á."

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ó máa fà á. Ṣé ó máa rù ú?"

"Kí ni ìyàtọ̀?"

"Ẹ ń bi mí ní ìyàtọ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi okùn so yín mọ́ àpò àgbàdo, kí ẹ máa wọ́ ọ lọ. Lẹ́yìn náà, kí n gbé àpò ọ̀hún lé yín lórí. Ọrùn yín á sọ ìyàtọ̀ fún yín."

Kàbírù, ajórinmọ́rin tí Jímọ̀ pè wá wo ọkọ̀ náà, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n Jímọ̀, ó yẹ kí àbúrò yín yìí máa jókòó nílé ẹjọ́."

"Kó jókòó níbẹ̀ kẹ̀?" ni Jímọ̀ wí. "Wọ́n á ti ilé ẹjọ́ pa."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Remọ́ọ̀kì tí gbogbo ayé mọ̀, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́, ọkọ̀ á máa wọ́ ọ tẹ̀lé ara rẹ̀. Ilé Jímọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọrùn gígùn tó yọ síwájú, imú rẹ̀ sì ń gun àárín ẹ̀yìn báṣé gan-an, lórí irin roboto kan tí Kàbírù máa jó mọ́ ọn. Lóòótọ́ ọkọ̀ ń fà á, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń pọ̀n ọ́n pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń béèrè agbára ọkọ̀, ìbéèrè méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan.

Ìdáhùn méjèèjì wà lára àwo irin kékeré kan lẹ́nu ilẹ̀kùn báṣé mi. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi ní Faransé. Ara àpò símẹ́ǹtì àti ara ọkọ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Àwo náà ní ọkọ̀ mi lè fa nǹkan tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ó ní kò gbọdọ̀ ru ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Nínú tọ́ọ̀nù kan yẹn, ẹ ka èmi, ẹ ka Ìyá, ẹ ka Jímọ̀ àti ikùn rẹ̀.

Nígbà tí Kàbírù jó irin náà tán, mo ní kí a gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ńlá tí àwọn tó ń ra àgbàdo fi ń wọn odidi ọkọ̀. A wọn ọkọ̀, a wọn ilé, mo ní kí wọ́n tún wọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ nìkan nígbà tí ilé wà lórí rẹ̀. Jímọ̀ ń mí kanlẹ̀ bí ẹni pé òun ló ń ru ilé náà. Ilé òfìfo kò wúwo jù fún fífà. Fún rírù, ó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà.

"Mo gbà," ni mo wí. "Àmọ́ òfìfo ni o. Ẹ gbọ́ mi? Òfìfo."

"A ti gbọ́, ìyá adájọ́."

Ṣé ẹ rí i, lọ́dọ̀ wa, àgbàlagbà obìnrin tó bá ń ti ìdálẹ̀ padà sílé kì í fi ọwọ́ lásán wọlé. Àwọn obìnrin agbo ilé á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, oníkálukú pẹ̀lú òṣùká rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á gba ẹrù rẹ̀ sórí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn wọlé, àdúgbò á sì máa wò. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n ní ibi tó ti ń bọ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan kún ẹrù rẹ̀. Ẹni tí kò bá fi kún un ti bú u. Ẹni tó bá sì ní kí wọ́n má fi kún un ńkọ́? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tí ì sí.

Mo dé Kouloundè láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò. A gbé imú ilé lé ẹ̀yìn báṣé, ìdí báṣé sì jókòó wọ̀ọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn ilé náà. Odó ńlá méjì. Àpò àgbàdo, àpò ìrẹsì, ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin, ìkòkò tí wọ́n kó sínú ìkòkò, ẹní tí wọ́n ká. Àpò símẹ́ǹtì wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Iwájú ni wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sí, lórí ibùsùn, níbi tí ọrùn ilé gbé gun ọkọ̀.

"Ta ló kó gbogbo ayé síbí?"

"Ẹ̀bùn ni," ni Jímọ̀ wí. "Kékeré, kékeré ni gbogbo ẹ̀."

"Símẹ́ǹtì ńkọ́? Ta ló fi símẹ́ǹtì ṣe Ìyá lẹ́bùn?"

"Èmi. Ó nílò ààrò. Mo sì ti bu omi kún táńkì. Ilé tí kò lómi, ṣé ilé nìyẹn?"

Mo ti la ẹnu láti sọ ohun tí n kò ní lè kọ síbí, ni mo rí Ìyá. Ó ti jókòó sí iwájú ọkọ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù nínú aṣọ rẹ̀, ó gbé búta àlùwàlá rẹ̀ lé itan. "Fúlèrá," ó ní, "má jẹ́ kí ojú tì mí lónìí." Ohùn rẹ̀ kò le. Ká ní ó le ni, mo mọ bí mo ṣe ń dá ohùn líle lóhùn. Mo wọlé, mo ṣáná sí ọkọ̀.

Ó fà á. Kí ẹ má bàa ní mo purọ́ mọ́ ọkọ̀ mi, ó fà á. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ gbójú sókè bí ẹni tó ń wá òṣùpá lọ́sàn-án, ìdarí sì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí abẹ̀bẹ̀. Bí mo bá yí i, ọkọ̀ á kọ́kọ́ rò ó wò. Ojú mi ń ta, èjìká mi ń ro mí, Jímọ̀ ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Tchamba, a dé ibi tí ọ̀nà gbé dagẹ̀rẹ̀ lọ sí afárá. Mo tẹ frẹ́ẹ̀ kí eré ọkọ̀ lè dínkù. Ilé kò gbọ́. Ó ń ti wá lẹ́yìn bí ìyàwó olówó nínú ọjà. Mo tún un tẹ̀, mo fi ọkọ̀ sí jíà tó kéré jù, Ìyá ń pe Ọlọ́hun lábẹ́ eyín, búta ń lù gbangan mọ́ ilẹ̀kùn. A dé ìsàlẹ̀. A kọjá afárá. Mo pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òórùn frẹ́ẹ̀ tó jóná gba gbogbo ibẹ̀.

"Mi ò lọ mọ́," ni mo wí.

"Ó fà á débí, àbí kò fà á?" ni Jímọ̀ wí.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wo táyà."

Táyà ẹ̀yìn ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ara ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé e. Jímọ̀ wò ó títí. Ó ní kí a kó ẹrù iwájú lọ sí ìdí ilé, ara á tu ọkọ̀.

"Ara ọkọ̀ á tù, ìdí ilé á sì máa jó. Bó bá ti ń jù síbí jù sọ́hùn-ún, àwa náà á máa bá a jù, títí a ó fi bá ara wa nínú igbó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó ti rẹ̀ mí."

Ìyá ti sọ̀ kalẹ̀, a kò mọ ìgbà tó sọ̀. Ó fọwọ́ kan táyà náà, ó yọ ọwọ́ kíá nítorí ó gbóná.

"Bí èyí bá bẹ́ lójú ọ̀nà ńkọ́?"

"Ọkọ̀ á dojú dé, ẹ̀yin lẹ sì wà níwájú, Ìyá."

Ọkọ̀ kan kọjá, ó bu eruku lù wá. "Nàfísátù á ka ẹrù mi," ni Ìyá wí. "Á ní gbogbo ọjọ́ ayé tí mo lò ní Sokodé, búta ni mo rí mú bọ̀."

Bí mo bá ní kó fi ilé sílẹ̀, ọ̀dọ̀ Nàfísátù ló ń lọ sùn. Bí mo bá ní kó fi ẹrù sílẹ̀, ojú á tì í lójú Nàfísátù. Kò sí èyí tí kò ní orúkọ Nàfísátù nínú.

"Ẹ kó o sílẹ̀," ni Ìyá wí.

"Odó ńkọ́, Ìyá?" ni Jímọ̀ béèrè.

"Mo ní kí ẹ kó o sílẹ̀. Ṣé inú odó ni n ó máa sùn?"

Mùstàfá, tó máa ń ra iṣu lọ́wọ́ mi ní Tchamba, fún wa láyè nínú ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ tí kò jìnnà sí afárá náà. Èmi àti Jímọ̀ kó ẹrù títí apá wa fi kú. A ṣí omi táńkì sílẹ̀, àwọn ewúrẹ́ wá ń mu ún lójú ọ̀nà. Ìyá jókòó sórí òkúta, ó kẹ̀yìn sí wa, kò wò ó. Nígbà tí a gbé àpò símẹ́ǹtì tó kẹ́yìn jáde, ìdí báṣé gbéra díẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Kambolé, ìdarí padà mọ ọwọ́ mi, a sì ń rọra lọ.

Wọ́n ti kírun alásàrì tán nígbà tí a wọlé. Àwọn obìnrin ilé ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Nàfísátù ló ṣíwájú, òṣùká tuntun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ìyáálé. Ẹ kú ìrìn." Ó yọjú wo inú ilé náà láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó yọjú wo iwájú ọkọ̀. "Ẹrù dà?"

Ìyá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbé èkejì, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó wá na búta sí ilé náà, láti orí dé ìdí.

"Ẹrù mi nìyí," ni ó wí. "Ó yá, ẹ rù ú."

Nàfísátù wo òṣùká, ó wo ilé. Ó wá gbé òṣùká lé orí, ó lọ sídìí ògiri ilé náà, ó tẹ orúnkún, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ké pe àwọn ìyókù: "Ẹ̀yin ará ilé, kí lẹ ń wò? Ẹ bá mi gbé e rù o!"

Ẹ̀rín tó sọ, àwọn adìẹ sá. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, Nàfísátù ló sì ń gbá a lẹ́yìn.

Èmi lọ tú ilé kúrò lára ọkọ̀. Bí imú ilé ti kúrò, ẹ̀yìn báṣé gbéra sókè, ó mì lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.

Jímọ̀ wá dúró tì mí. "Àbí n kò sọ fún ẹ pé ó máa fà á?"

Mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀, mo dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin Kàbírù, mo fi apá bo ojú.

Fèrèsé ilé onítáyà ṣí. "Fúlèrá!" ni Ìyá pè láti inú ilé rẹ̀. "Odó mi o! Ọ̀la ni o!"

Mo ní mo ti gbọ́.