Adìẹ Tí Kò Gbọdọ̀ Jẹ Ewé

Nígbà náà, Bàbá Ifábùnmi ṣì wà láyé. Ìyàwó wọn àgbà náà ṣì ń fi ọ̀pá rìn lọ sí Ọjà Igbó. Ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò tíì dákẹ́ bó ṣe dákẹ́ lónìí.

Lọ́dún 1988, ooru ń pa adìẹ àgíríìkì kiri ìlú. Bàbá a máa ta ewé, wọ́n sì ní àgúnmu kan tí wọ́n fi efinrin gbígbẹ àti ata ilẹ̀ pupa ṣe. Bí adìẹ bá jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ, ooru kì í dá a wólẹ̀. Simon, tó ń kọ́ni nípa ẹran ọ̀sìn ní iléèwé ńlá kan ní Ọ̀yọ́, wá wò ó. Ó ní ooru a máa ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́ láti inú, bí irin ṣe ń dípẹtà, pé bí ewé náà bá dá a dúró, òun yóò gbé orúkọ Bàbá dé ibi gíga. Ó pín adìẹ sí ilé méjì kó lè fi wọ́n wéra: ti òsì yóò jẹ àgúnmu, ti ọ̀tún kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò.

Kúbúrátù, ìyàwó Akínpẹ̀lú ọmọ Bàbá, ni wọ́n ní kó máa tọ́jú wọn. Bàbá kìlọ̀ fún un.

"Ìyàwó, bó bá kan ẹnu àwọn tọ̀tún pẹ́nrẹ́n, o bà mí jẹ́ nìyẹn."

Lọ́sẹ̀ kẹta, àwọn tọ̀tún la ẹnu, wọ́n na apá sílẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹ. Méjì kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àtẹ́lẹwọ́ Kúbúrátù ni wọ́n ti ń jẹun láti kékeré. Ó bu àgúnmu sí oúnjẹ wọn. Ó bù ú lọ́jọ́ kejì, ó sì ń bù ú lọ títí Simon fi padà dé.

Simon gbé wọn sórí ìwọ̀n, ó pa mẹ́ta mẹ́ta, ó wo ẹ̀dọ̀ wọn. Ó ní méjì tó kú kò tó nǹkan, pé òun ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín tòsì àti tọ̀tún, ewé náà ò ṣiṣẹ́.

"Ewé ọbẹ̀ lẹ ti ń tà fún wa látọjọ́ yìí, Bàbá," ni Israfil alápatà tó múlé gbè wọ́n wí. Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ra ewé lọ́wọ́ Bàbá mọ́, Bàbá fúnra wọn ò sì fẹnu kan àgbo tí wọ́n ń mu sí ikọ́ wọn mọ́. Akínpẹ̀lú búra pé bí ọwọ́ ẹnì kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni náà yóò kẹ́rù rẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Kúbúrátù kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹní Bàbá, ó jẹ́wọ́. Bàbá wúkọ́ títí. Wọn ò pè é ní ìyàwó mọ́.

"Adìẹ tí wọn ó pa lọ́dún lo ṣàánú. Èmi ńkọ́, Kúbúrátù?"

Wọ́n ní kó lọ sọ fún Simon. Ó ní òun ó lọ lọ́la, ṣùgbọ́n ẹ̀rù Akínpẹ̀lú dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, Simon gbọ́ ọ délẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé wá tọrọ àforíjì níwájú agboolé.

Bí Kúbúrátù ṣe padà délé nírọ̀lẹ́, wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Bàbá ti kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Akínpẹ̀lú bi í pé níbo ló wà.

Kúbúrátù lè purọ́ pé ọjà ni òun lọ. Ó kúnlẹ̀ sétí kòtò, lójú Israfil àti gbogbo wọn.

"Ọ̀yọ́ ni mo lọ," ni ó wí. "Ewé Bàbá ṣiṣẹ́. Èmi ni mo fún àwọn tọ̀tún jẹ."