Ọ̀sán tí Fẹ̀hìntọ́lá Wọ Ìlú Ajùmọ̀kọ

Ọ̀sán gangan ni Fẹ̀hìntọ́lá lá àlá tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe òru. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí bó ṣe rò ó fún wa náà ni n óò ṣe rò ó fún yín, n kò ní bù mọ́ ọn.

Olùkọ́ jọ́gíráfì ni Fẹ̀hìntọ́lá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù kì í ṣe èyí tí wọ́n ń torí rẹ̀ sanwó oṣù fún un. Orí fóònù ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dá ìlú kan sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ajùmọ̀kọ. Ẹ kò ní bá ìlú náà nínú máàpù kankan. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ló ní ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé alágbẹ̀dẹ òun jí láàárọ̀, ó bá ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí, ẹlòmíràn tó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Kánádà yóò kọ ohun tí aládùúgbò alágbẹ̀dẹ náà rí lóru. Báyìí ni ìtàn náà ń lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò já sí.

Fẹ̀hìntọ́lá ni olórí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ló ń gba àlejò wọlé, òun ló ń parí ìjà bí ẹnì kan bá pa ẹ̀dá ìtàn ẹlòmíràn láìtọrọ àyè, òun náà sì ni gbogbo wọn ń wojú rẹ̀ bí ìtàn bá dákẹ́. Ó ti ṣe é títí, ó ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan, bó bá jókòó láti kọ̀wé, ńṣe ni inú rẹ̀ ń dà bí àmù tí omi ti tán nínú rẹ̀. Bí a bá ti igbá bọ̀ ọ́, ariwo ìsàlẹ̀ nìkan là ń gbọ́.

Láàárọ̀ Sátidé náà, Láníyan pè é. Ó ti pẹ́ tí Láníyan yìí ti wà nínú ẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ni ní Ìbàdàn, ó sì máa ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé àṣìṣe kékeré lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí ìlú yóò ṣe lẹ́yìn ìgbéyàwó ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán. Fẹ̀hìntọ́lá ní òun kò mọ̀. Ó ní ó jọ pé kí àwọn ti Ajùmọ̀kọ pa ló kù, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀. Láníyan kò bá a jiyàn. Ó ní kó kọ́kọ́ jẹun, kó sì sùn díẹ̀. Fẹ̀hìntọ́lá jẹ èkuru, ó na ara rẹ̀ sórí àga gbọọrọ tó wà ní pálọ̀, oorun sì gbé e lọ.

Àga náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ìyá Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀ sápá òsì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń dùn mí, ọ̀nà sì jìn.”

Fẹ̀hìntọ́lá bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó sì sún. Àga gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó kọjá níwájú ilé àwọn aládùúgbò, ó sì bọ́ sínú odò kan tí kò sí níbẹ̀ lánàá. Odò náà ń ṣàn gun òkè. Èyí da Fẹ̀hìntọ́lá láàmú díẹ̀, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé omi kì í gun òkè, ó sì ń rò bí òun yóò ṣe tún un sọ fún wọn ní ọjọ́ Ajé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó gbádùn ìrìn-àjò náà.

Ajùmọ̀kọ ló wà lórí òkè. Kò nílò kó bi ẹnikẹ́ni kó tó mọ̀ ọ́n. Ó rí ilé alágbẹ̀dẹ, ó rí igi àgbálùmọ̀ tí Láníyan fi gbólóhùn kan ṣoṣo gbìn. Ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú léfòó sókè, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi náà kó má baà rìn lọ. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ kóòtù, yọrí lójú fèrèsé, ó sì sọ àkàbà sílẹ̀ fún un. Ó ní wọ́n ti ń retí rẹ̀. Fẹ̀hìntọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ àga, ó gun òkè.

Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó yí tábìlì ká. Alága dìde, ó kí i dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó béèrè ti ibi iṣẹ́, kó tó wá kan ohun tó mú kí wọ́n ránṣẹ́ pè é.

“Ìyá Olùkọ́, kí ni àwa ará ìlú yóò ṣe lọ́la?”

Fẹ̀hìntọ́lá ní òun kò mọ̀.

Alága mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Ó la ẹnu láti fèsì, ohun tó jáde níbẹ̀ ni “Mẹ́ẹ̀ẹ̀.” Kí Fẹ̀hìntọ́lá tó ṣẹ́jú, alága ti di òbúkọ, fìlà rẹ̀ sì ṣì wà lórí ìwo kan. Fẹ̀hìntọ́lá wò ó dáadáa, ó rò ó lọ́kàn pé irùngbọ̀n yẹn tilẹ̀ yẹ ẹ́.

Akọ̀wé ṣàlàyé fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ìlú ṣe rí nìyẹn. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ń dúró kí olórí fi ọ̀rọ̀ sí òun lẹ́nu, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì dé, ewúrẹ́ ni yóò dà. Ó ní àwọn kò kà á sí àrùn, nítorí ewúrẹ́ kì í jókòó pẹ́ ní ìpàdé. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni akápò di ewúrẹ́, olóyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà di ewúrẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tó wà nítòsí, aṣọ fèrèsé àti ẹsẹ̀ tábìlì. Fẹ̀hìntọ́lá ń bá wọn gbé èyí tí ẹnu wọn kò tó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó ṣe, òbúkọ tó jẹ́ alága yọrí síta lójú fèrèsé, ó sì jẹ okùn.

Ọ́fíìsì já.

Ó fò kọjá lórí oko àgbàdo, àwọn ewúrẹ́ sì ń wo àgbàdo náà bí ẹni tó ń kọjá nílé oúnjẹ láìsí àyè àtidúró. Ó wá rọra balẹ̀. Fẹ̀hìntọ́lá ṣílẹ̀kùn, inú kíláàsì tirẹ̀ ní Ìlá ló bọ́ sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ibẹ̀. Àwọn ará Ajùmọ̀kọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ tán ni.

Àwọn tó dá wọn ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Òmíràn ṣègbéyàwó, òmíràn ríṣẹ́, òmíràn wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì fi ẹ̀dá ìtàn wọn sílẹ̀ níbi tí gbólóhùn ti dá. Baba Ajéigbé gbé ṣíbí ọbẹ̀ dání, kò tíì dé ẹnu rẹ̀ láti ìgbà tí ẹni tó ń kọ ọ́ ti lọ sí Kánádà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣiyanbọ́lá ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dúró sí ìdajì. Káfíńtà Ògúnrìndé ti ń já bọ́ láti orí òrùlé, kò tíì dé ilẹ̀. Ó wà lófuurufú, ó fi ọwọ́ méjèèjì rọrí bí ẹni tó wà lórí ẹní. Gbogbo wọn kí Fẹ̀hìntọ́lá kú ìrìn. Kò sí ẹni tó bínú nínú wọn, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún.

“Ọmọ mi, ọbẹ̀ yìí ti tutù,” ni Baba Ajéigbé fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ. “N kò bẹ̀ ọ́ fún nǹkan ńlá. Jẹ́ kó ṣáà dé ẹnu mi.”

Àánú wọn ṣe Fẹ̀hìntọ́lá. Ó rò ó pé ẹni tó ti dúró pẹ́ tó báyìí, ohun tó tóbi ló yẹ kí èèyàn fi san án fún un. Ó ń wá ogun tí Baba Ajéigbé yóò ṣẹ́gun, ó ń wá oyè tí wọn yóò fi í jẹ. Ó mú ẹfun ìkọ̀wé, ó dojú kọ pátákó. Ẹfun wúkọ́ díẹ̀, ó ní òun mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba ọ̀fun òun kọjá, kó jọ̀wọ́ wá kékeré. Fẹ̀hìntọ́lá dúró títí. Ogun kò wá, oyè kò wá. Níkẹyìn ó gbé ẹfun sílẹ̀, ó sì fi ẹnu sọ èyí tó súnmọ́ ọn jù lọ.

“Baba Ajéigbé gbé ṣíbí sẹ́nu, ó ní iyọ̀ kò tó.”

Ṣíbí dé ẹnu. Baba Ajéigbé gbé e mì, ó fajú ro, ó ní iyọ̀ kò tó lóòótọ́. Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni Ṣiyanbọ́lá parí ẹ̀rín rẹ̀, ó yíjú sí i, ó bi í pé ta ló fi iyọ̀ dù ú, nígbà tó jẹ́ òun lòun se ọbẹ̀ náà. Ẹnikẹ́ni kò kọ èyí fún un. Baba Ajéigbé fèsì pé bó bá jẹ́ Ṣiyanbọ́lá ló sè é, a jẹ́ pé ẹ̀rín ló ń rín tí kò fi rántí iyọ̀. Ògúnrìndé bọ́ sílẹ̀ gbìì láàárín àwọn méjèèjì, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n bu tòun wá, kí òun fi ẹnu ara òun dájọ́. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, gbogbo kíláàsì ti gba ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan ń wá iyọ̀, ẹnì kan ń jẹ́rìí pé òun rí ìkòkò náà lórí iná, wọ́n sì bi àwọn ewúrẹ́ léèrè èrò tiwọn.

Fẹ̀hìntọ́lá jókòó sórí bẹ́ńṣì akẹ́kọ̀ọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ìlú náà ti yà á lẹ́nu kẹ́yìn. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: yóò ju ọ̀rọ̀ kékeré kan sílẹ̀, ẹlòmíràn yóò gbé e, ọ̀rọ̀ yóò sì sáré kọjá lójú òun tó sọ ọ́. Láàárín kan ló ṣáà ti gbà pé òun gbọ́dọ̀ ru gbogbo ìlú sórí. Ìlú sì ní ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Àyìnkẹ́ Atukọ̀ ni. Àyìnkẹ́ yìí ni ẹ̀dá ìtàn tí Fẹ̀hìntọ́lá fúnra rẹ̀ dá ní ọjọ́ àkọ́kọ́, obìnrin tó ń fi ọkọ̀ kó èrò sọdá odò Ajùmọ̀kọ, tí kì í bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ń lọ ṣe. Láti ìgbà tí iṣẹ́ olórí ti pọ̀, Fẹ̀hìntọ́lá kò ráyè kọ ọ́ mọ́. Obìnrin náà ga jù ú lọ, ó sì gbé àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ lé èjìká.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,” ni Àyìnkẹ́ wí. “Gbogbo ẹni tó ń jà lẹ ti bá parí ìjà. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi kàn yín.”

“Má bínú, Àyìnkẹ́.”

“N kò bínú. Ọkọ̀ ló ń gbẹ.”

Nígbà náà, pátákó ìkọ̀wé ti di omi, ó dúdú, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ sí i. Àyìnkẹ́ lọ jókòó níbi tí èrò ń jókòó, ó sì na àjẹ̀ sí Fẹ̀hìntọ́lá. Akọ̀wé sáré dé, etí rẹ̀ ti ń gùn díẹ̀díẹ̀. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́, ó ń béèrè ẹni tí yóò máa mójú tó ìlú bí olórí bá lọ tukọ̀. Fẹ̀hìntọ́lá gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó wúwo bí ọmọ odó. Ó fi kọ́ òbúkọ tó jẹ́ alága lọ́rùn, ó ní kó bá òun gbé e fún Láníyan ní Ìbàdàn. Òbúkọ ní ó dára, pé òun yóò gba ọ̀nà Ìkìrun. Bó ti rí ọ̀rọ̀ sọ ni orí rẹ̀ di ti èèyàn padà, ṣùgbọ́n láti ọrùn lọ sílẹ̀, òbúkọ ṣì ni. Ó mú ọ̀nà pọ̀n.

Fẹ̀hìntọ́lá ti àjẹ̀ bọ omi.

“Níbo lò ń lọ, èrò ọkọ̀?”

“N kò mọ̀,” ni Àyìnkẹ́ dáhùn.

“Ó dáa. Èmi náà kò mọ ibẹ̀.”

Ọkọ̀ sì gbéra. Omi tutù sí i lọ́wọ́. Ó tutù gan-an, títí Fẹ̀hìntọ́lá fi lajú.

Ọwọ́ rẹ̀ ló rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, tó wà nínú omi. Òjò ti rọ̀ gba ojú fèrèsé tí kò tì wọlé, pálọ̀ sì ti di adágún. Bàtà sálúbàtà rẹ̀ kan léfòó, ó ń lọ jẹ́jẹ́ sí ìdí tẹlifíṣọ̀n. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ó fi ìka ti bàtà náà kó lè rí ọ̀nà lọ, ó sì mú fóònù.

Láníyan ló kọ́kọ́ pè. Ó ní kó jọ̀wọ́ bá òun gba iṣẹ́ olórí fúngbà díẹ̀, kó máa gba àlejò, kó máa parí ìjà, kí òun lè ráyè kọ̀wé bí ọmọ ẹgbẹ́ lásán. Láníyan gbà. Ó ní ó ti pẹ́ tó ti ń wu òun láti bá a gbé e, pé ojú ló ń ti òun láti sọ ọ́. Ó wá béèrè pé ti ìlú tí wọ́n fẹ́ tì pa ńkọ́. Fẹ̀hìntọ́lá ní kó bi olórí, pé òun kọ́ ni mọ́.

Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé Àyìnkẹ́ ti ọkọ̀ sómi láàárọ̀ yẹn, kò sí èrò níbẹ̀, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Kò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí ìdáhùn fi wọlé láti Ìbàdàn. Ọkùnrin kan, adìyẹ lábẹ́ apá rẹ̀, ń sáré bọ̀ ní etí odò, ó ń béèrè bóyá àyè ẹnì kan ṣì wà.

Fẹ̀hìntọ́lá ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àga kó má baà tutù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì. Àkísà tí yóò fi nu ilẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.