Ọ̀dà Pupa Ara Nọ́ọ̀tì

Inú ń bí Sàlíhátù gan-an, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Bàbá Ádámù kúkú ni, àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tó fún un nílẹ̀ tó kọ́ ilé iṣẹ́ sí ní Kábbà.

Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń de ara ọkọ̀ òfurufú ológun ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Andrew ti Àbújá wá yẹ iṣẹ́ náà wò, bóyá ó yẹ fún ìwé ẹ̀rí. Láìsí ìwé yìí, àwọn ológun ò ní rà á. Òfin wọn kò ṣòro: nọ́ọ̀tì tó bá lábùkù, kùn ún ní ọ̀dà pupa, kí o sì gé e, kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó mọ́. Sàlíhátù kun àwọn tó lábùkù. Ó ní bí òun bá ti Ìsánlú dé, òun á gé wọn.

Àgbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí hóró àgbàdo kan ṣòfò ni Bàbá Ádámù. Irin tó dáa báyìí, wọ́n fẹ́ gé e dànù? Ó fi kẹrosíìnì fọ ọ̀dà náà, ó nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán, ó sì dà wọ́n mọ́ àwọn tó dára. Ọ̀gbẹ́ni Andrew ti mú bírò lọ́wọ́ kí bàbá tó fẹ̀rín sọ ọ́ sí Sàlíhátù létí, ó ń retí ẹ ṣeun.

Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun sì wọ́! Inú irin ni àbùkù náà wà, ojú lásán ò lè rí i. Bàbá ní ta ló máa mọ̀.

“Ẹ má tíì bu ọwọ́ lù ú, sà,” ni Sàlíhátù wí, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Andrew dé bírò rẹ̀, ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ìgbà náà ni Sàlíhátù kúnlẹ̀, ó kí bàbá bí wọ́n ṣe ń kíra ní Kábbà. “Okun, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ fún mi nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá já lójú ọ̀run, kẹrosíìnì wo la fẹ́ fi fọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ kúrò lọ́wọ́ mi?”

Sàlíhátù tan ẹ̀rọ ìgérin, ó ń gé gbogbo nọ́ọ̀tì náà, àti rere àti búburú, nítorí kò sí bó ṣe lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ mọ́. Nígbà tó yá, bàbá wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó mú ẹ̀mú, ó ń di nọ́ọ̀tì mú fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sàlíhátù ń gé e lọ. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.