Èémí Nínú Yàrà Òkìtì

Ọ̀rọ̀ tí Nesta Bufton bá baba ọkọ rẹ̀ sọ gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ìjà ni.

Oko wọn wà lẹ́sẹ̀ òkè Radnor, níbi tí ilẹ̀ Wales ti pààlà pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yìn abà wọn gan-an ni Òkìtì wà, ó rí rìbìtì, orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Jagunjagun kan tó ti òkè òkun wá ló kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jọ láyé ijọ́un. Ó gbẹ́ yàrà yí i ká, ó kọ́ ilé onígi sórí rẹ̀, kí àwọn onílẹ̀ má baà pa á. Ilé ti jẹrà, ìrántí jagunjagun náà ti parun. Òkìtì àti yàrà nìkan ló kù, yàrà náà sì jìn débi pé bí ènìyàn bá dúró sórí èjìká ẹnìkejì nínú rẹ̀, agbára káká ni yóò fi rí ìta.

Bí òjò dídì bá ń bọ̀, ìhà ìlà-oòrùn yàrà yìí ni àwọn Bufton ń kó àgùntàn sí láti ìran dé ìran. Ìwọ̀-oòrùn ni ìjì ti máa ń wá. Òkìtì a sì dúró bí ògiri láàárín ìjì àti ẹran.

Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì tí ogun ńlá parí, ìjì gba ìlà-oòrùn wá.

“Bàbá, ẹ wo bí èéfín ilé wa ṣe ń fẹ́,” ni Nesta wí. “Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ojú ìjì gan-an lẹ fẹ́ kó wọn lọ yìí.”

Ezra Bufton ń so okùn mọ́ ìbàdí ẹ̀wù òtútù rẹ̀. “Kí n tó já lẹ́nu ọmú ni bàbá mi ti ń kó ẹran síbẹ̀. Ìwọ tí wọ́n bí sídìí káńtà ṣọ́ọ̀bù ní ìlú Knighton, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sin àgùntàn?”

“Oyún wà nínú wọn, Bàbá. Àwọn nìkan la ní. Ká ní Emrys ni, ì bá gbọ́ mi lẹ́nu.”

Emrys ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ezra bí, òun sì ni ọkọ Nesta. Ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n sin ín sí nígbà ogun. Ojú bàbá náà pọ́n.

“Má fi òkú bá mi jà,” ló wí, ó sì jáde sí ẹran rẹ̀. Ó kó wọn sínú yàrà, ó sì padà wá sùn.

Òjò dídì rọ̀ mọ́jú. Ìjì gbá a lórí gbogbo pápá, ó sì dà á sínú yàrà. Nígbà tí Nesta fún wàrà màlúù tán láàárọ̀, kò sí Ezra nílé, kò sí ṣọ́bìrì rẹ̀, kò sí ọ̀pá ìdaran rẹ̀ tó ní orí ìwo àgbò. Ó sáré dé Òkìtì. Kò sí yàrà mọ́. Gbogbo rẹ̀ ti dọ́gba, ó funfun bí aṣọ òkú. Ipa ẹsẹ̀ bàbá náà lọ tààrà dé etí ibi tí yàrà wà tẹ́lẹ̀. Ihò kan tó gbẹ́ wọlé wà níbẹ̀, ihò náà sì ti wó.

Wat Hamer, aládùúgbò wọn, ń bọ̀ láti òkèèrè pẹ̀lú igi gígùn kan. “Orí ọgbà yín ni mo rìn gbà láìmọ̀ pé ọgbà wà níbẹ̀!” ló ké. “Bí àjíǹde bá bọ́ sí òní, áńgẹ́lì yóò kọ́kọ́ yá ṣọ́bìrì!”

“Ọ̀gbẹ́ni Hamer, Bàbá wà nísàlẹ̀.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Wat.

Moss, ajá Ezra, kò dúró tì wọ́n. Ó ti lọ síbi tí yàrà ti ṣẹ́ kọ́nà, ó ń fi èékánná walẹ̀, ó ń sunkún. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀, kò fẹ̀ ju ẹnu ife lọ. Etí rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, oru sì ń jáde díẹ̀díẹ̀. Kò sí ọmọ olùṣọ́-àgùntàn tí kò mọ̀ ọ́n: èémí ẹran ló ń yọ́ òjò dídì bẹ́ẹ̀.

“Àgùntàn ni,” ni Wat wí. “Wọ́n ṣì ń mí, ògo ni fún Ọlọ́run. Àgùntàn lè lo ọ̀sẹ̀ kan lábẹ́ rẹ̀. Ènìyàn kò lè lò ó.”

Nesta kúnlẹ̀, ó gbé ojú sẹ́nu ihò náà. Òórùn irun tútù ló gbọ́. Afẹ́fẹ́ ń hó létí rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí àgùntàn dúró ná,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká wá Bàbá.”

Wọ́n padà síbi ihò tó wó, wọ́n ń gbẹ́. Moss tún sá padà lọ, ó ń gbó. Nesta pè é, kò dáhùn. Ó lọ nà án lọ́pàá, ajá náà ké, síbẹ̀ ó tún padà síbẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán wọ́n rí ṣọ́bìrì Ezra, lẹ́yìn náà fìlà rẹ̀. “Ó kù díẹ̀!” ni Wat ń wí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sórí funfun. Wọ́n gbẹ́ títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Wọn kò rí ènìyàn.

Moss kò gbó mọ́. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́bàá ihò kékeré náà. Nesta lọ gbé e kúrò kí òtútù má baà pa á. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ wọ inú ihò náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀: ìwo àgbò tó tẹ̀ kọdọrọ. Orí ọ̀pá ìdaran Ezra ni.

Ó figbe ta.

Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ já, wọ́n sì bá àwọn àgùntàn nísàlẹ̀, wọ́n fún mọ́ra wọn gbágbá, wọ́n ń mí. Nígbà tí ọ̀nà wó lẹ́yìn rẹ̀, Ezra ti rákò bá wọn, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ lu òjò dídì já sókè. Ó fẹ̀yìn ti abo kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣì di ọ̀pá náà mú lókè. Nesta ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀wù rẹ̀. Àyà rẹ̀ kò tíì tutù tán, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀mí níbẹ̀.

“Ṣé ó ń gbọ́ wa láàárọ̀?” ni Wat bèèrè.

Nesta yọ ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wù náà.

Wat ṣí fìlà, ó gbàdúrà. Nígbà tó kan Àmín, Nesta kò ṣe é. Ó na ọwọ́ sí Moss. Ajá náà wo ọwọ́ náà, ó sì fà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà àwọn àgùntàn ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ikùn wọn tóbi fún oyún, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Ezra kọjá. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń ké. Nesta dìde, ó sì gba ọ̀nà abà lọ kó koríko.