Igi Tí Èmi Ò Gbìn

Bí ẹ bá dé Ìpẹ̀rú lónìí tí ẹ béèrè oko ẹbí Bánkọ́lé, ọmọdé tó bá ń jẹ ọsàn lójú ọ̀nà á mú yín débẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ká ọsàn náà. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé ká ohun tó máa jẹ, kó ṣáà má kó o lọ sọ́jà. Àwọn igi tuntun tó kọ́kọ́ dúró nínú oko yẹn, èmi Adébùkọ́lá ni mo gbìn wọ́n, àfi ẹyọ kan. Ẹyọ kan náà ni mo sì fi ń yangàn jù.

Oko obì àwọn baba wa ni tẹ́lẹ̀. Àwọn igi gbàǹja àtijọ́ ló kù níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ti sọ abẹ́ wọn di ààtàn. Nígbà tí mo fi aṣọ títà sílẹ̀ ní Ṣàgámù tí mo wálé, mi ò lè máa wo ilẹ̀ bàbá mi kó máa rùn. Mo pe ọ̀wẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wá, wọ́n gbàdúrà dáadáa, wọ́n sì padà sílé. Àwọn tó dúró tì mí kì í ṣe ọmọ Rẹ́mọ rárá. Íńtáṣéńjì Ṣàgámù, níbi tí títì márosẹ̀ ti pàdé, ni wọ́n ń gbé: àwọn tó ń lẹ táyà, àwọn oníṣòwò etí títì, àti Fẹ̀hìntọlá, awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Èyí tó jára mọ́ṣẹ́ jù nínú wọn ni Látífàt, ọmọ Ṣakí, tó ń yan bọ̀ọ̀lì tà. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn, síbẹ̀ kò sí ọkùnrin tó lè bá a dọ́gba nídìí ọkọ́.

Kí a tó gbin ohunkóhun, mo lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ Bàbá Lásúnkànmí, àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí wa.

"Ẹ gbin ẹ̀fọ́, ẹ gbin ata, ẹ gbin kókò," ni Bàbá wí. "Àwọn yẹn ò lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n igi, Bùkọ́lá! Àlejò kì í gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹni tó bá gbin igi lónìí, àwọn ọmọ rẹ̀ á ní àwọn ló nilẹ̀ lọ́la. Ọmọ ẹbí nìkan ni kó gbin igi níbẹ̀."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò purọ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ tí igi ti dá sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kò kéré. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀fọ́ nìkan kò tó wa. Òjò lọ, ẹ̀fọ́ lọ. Oko tí a ń fẹ́ ni èyí tí ọsàn àti àgbálùmọ̀ máa wà lókè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábẹ́ wọn, kókò lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí ẹnu á máa rí nǹkan jẹ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò.

Ọgbọ́n tí a dá nìyí. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, wọ́n á pọn omi. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn á dúró, wọ́n á máa retí èmi tí orúnkún ń dùn, kí n wá ki igi bọ kòtò.

"Ẹ yà lọ́nà o," Fẹ̀hìntọlá á kígbe, "àgbẹ̀ tí kò gbẹ́ kòtò rí ló ń bọ̀ yìí!"

A ó rẹ́rìn-ín. Látífàt náà á rẹ́rìn-ín, á gbé igi lé mi lọ́wọ́, á wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ń rí i. Kí èèyàn gbẹ́ kòtò tán kó má lè gbin igi sí i, ta ni kò ní dùn?

Nígbà tó bímọ, ó sọ ọ́ ní Tawfiq. Kò pẹ́ tó fi padà wá, ọmọ lẹ́yìn, ọkọ́ lọ́wọ́.

Sátidé kan báyìí, Bàbá Lásúnkànmí wá wo oko. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí igi kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí. Inú rẹ̀ dùn, tèmi náà sì dùn, títí ó fi dé ìdí gbàǹja tó dàgbà jù, lẹ́yìn oko pátápátá. Igi obì kékeré kan wà nítòsí rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé, òkúta ni wọ́n sì fi yí i ká. Èmi kì í fi òkúta yí igi ká. Imọ̀ ọ̀pẹ ni mo fi ń ṣíji bo tèmi, Bàbá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ta ló gbin eléyìí?"

"Èmi ni, Bàbá." Irọ́ náà ti jáde kí n tó rò ó.

"Bùkọ́lá, o ti dàgbà ju irọ́ lọ. Nínú gbogbo igi, obì!"

Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Obì ló sọ àwọn baba wa di èèyàn. Ní Rẹ́mọ, ẹni tó bá gbin obì ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ò lọ mọ́.

Bàbá kọjú sí àwọn èèyàn. "Kí ẹni tó gbìn ín jáde wá fà á tu. Bí kò bá jáde, mo gba ilẹ̀ mi lónìí. Gbogbo yín á lọ."

Ọkọ́ dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn. Mo wo àwọn igi wa.

Látífàt jáde, ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ. "Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú. Ilẹ̀ kọ́ ni mo ń wá."

"Fà á tu nígbà náà."

Ó nawọ́ sí i. Ó di igi náà mú, kò fà á, ó bú sẹ́kún.

"Mi ò lè fà á, Bàbá. Ìwọ́ ọmọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó já, mi ò mọ ibi tí mo lè rì í sí. Yàrá kan ṣoṣo la háyà, sìmẹ́ńtì ni gbogbo ìta rẹ̀. Ṣakí jìnnà. Ibí yìí nìkan ni ilẹ̀ tí ọwọ́ mi ti kàn látìgbà tí mo ti dé Rẹ́mọ."

Mi ò rántí orúnkún mi mọ́. Kí n tó mọ̀, mo ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá," mo ní, "níbo ni wọ́n ri ìwọ́ tiyín sí?"

Ó gbójú sókè wo gbàǹja ńlá náà. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n rì í sí, àti tèmi, àti ti bàbá mi tó ṣáájú wa lọ.

Ó yíjú sí Látífàt. "Gbé ọmọ náà wá."

Látífàt tú ọ̀já. Bàbá gba ọmọ, ó tẹ̀ba díẹ̀díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ọmọ náà kan ilẹ̀ nídìí igi obì.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Tawfiq, Bàbá."

"Tawfiq, ilẹ̀ rẹ nìyí." Ó wá kọjú sí ìyá rẹ̀. "Mo ní ọmọ ẹbí nìkan ni kó gbin igi níbí. Mi ò yí i padà. Dìde, Ìyá Tawfiq. Àwọn kòtò yẹn ò ní dí ara wọn."

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ńlá rí, mo ti kọ́lé, mo ti fi ọmọ fọ́kọ. Kò sí ọjọ́ kankan tí mo yangàn pé ọmọ Bánkọ́lé ni mí tó ọjọ́ yẹn.

Látífàt nu ojú, ó mú igi ọsàn kan, ó gbìn ín. Ó mú òmíràn. Bàbá Lásúnkànmí ló gbé ọmọ dání títí ó fi gbìn wọ́n tán.