Ìka Tó Dí Ihò Ife

Ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà, Ìyá Aláago ṣí ìka kúrò nídìí ife, ọ̀dà funfun sì já bọ̀ sínú agolo bí okùn tín-ínrín. Nígbà tí okùn náà já, ó tẹ aago ọrùn rẹ̀ tó fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá, ó mi orí.

"Ó ki jù. Ẹ fi omi là á."

"Ẹnu yín náà ki jù," ni apòdà dá a lóhùn. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Ife irin kékeré ni, ó ní ihò nídìí. Ohun tó bá ki a pẹ́ níbẹ̀; èyí tí kò ki, wàràwàrà ló ń lọ. Irú rẹ̀ tuntun, tí ọ̀dà kò kàn rí, wà nílé obìnrin yìí. Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Nínú ilé tiwọn, ó ti ní. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni omi lásán ń yà sí. Ohun mímu bàbá gbọ́dọ̀ ki bí oyin, ọmọ a po ìyẹ̀fun tó ń mú omi ki mọ́ ọn, a fi ife wọ̀n ọ́n.

"Ṣé ògiri lo fẹ́ kùn sínú mi ni?" ni bàbá máa ń bi í.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú bàbá nílé pè é lórí fóònù.

"Òùngbẹ ń gbẹ Bàbá."

Ìyá Aláago fò sókè. Bàbá tó ti ń kọ ohun mímu láti ọjọ́ yìí!

"Ẹ máa bọ̀ nílé, mà. Dókítà ti wò wọ́n. Ohunkóhun tí wọ́n bá béèrè, ẹ fún wọn."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e.

Nígbà tó délé, ìyẹ̀fun ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ bá. Bàbá mi orí.

"Omi. Èyí tó ń dún."

"Bàámi, ó máa pa yín lára."

"Ara wo?"

Ó bu omi lásán sínú ife, ó fi ìka dí ihò, ó gbé e sókè ẹnu bàbá. Ó sún ìka díẹ̀. Ẹ̀kán kan bọ́, òmíràn tẹ̀ lé e. Bàbá gbé e mì, ó wúkọ́, ó tún la ẹnu. Kíá, ìka ti padà sídìí ife.

"Aláago," ni bàbá wí jẹ́jẹ́, "kí lò ń dá dúró?"

Obìnrin náà wo ìka rẹ̀, bó ṣe le gbagidi mọ́ ihò náà. Ó ṣí i.

Omi ṣàn. Àyà bàbá rin gbingbin, ó ń mu, ó ń rẹ́rìn-ín. Aago wà lọ́rùn ọmọ rẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́.